Páànù Kan, Ènìyàn Mẹ́rin: Oúnjẹ Alẹ́ fún Ọjọ́ Iṣẹ́

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ìdánwò, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àti ọ̀rọ̀ owó iléèwé ni a sábà máa ń kà. Èyí tí àwa mú wá lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú ikùn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí a bá fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ wo òwe náà, a ó rí i pé bí ebi bá kúrò nínú ìwé kíkà, ìdajì ìnira rẹ̀ ti lọ.

Àwa mẹ́rin ni a jọ ń gbé ilé kan ní Temple Hills, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Bí ènìyàn bá gba Branch Avenue lọ, kò ní pẹ́ wọ ìlú náà. Méjì nínú wa ń kàwé ní Yunifásítì Maryland ní College Park, ọ̀kan wà ní Howard, ẹnì kẹrin sì wà ní Bowie State. Àwa ará College Park a máa wọ ọkọ̀ ojú irin Green Line, èyí tí ó ti ń dé apá ọ̀dọ̀ wa láti ọdún 2001. Ọkọ̀ náà yóò gba abẹ́ ilẹ̀ Washington kọjá kí ó tó gbé wa dé ọ̀hún. Kí a tó ti ilé-ìwé padà dé ní ìrọ̀lẹ́, agogo méje ti lù, ara ti rẹ̀ wá, ọwọ́ kò sì yá láti dáná.

Ní ọdún àkọ́kọ́, olúkúlùkù ni ó ń ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan á ra adìẹ díndín ní ẹ̀bá títì. Èkejì á da omi gbígbóná sórí núdù. Ẹ̀kẹta á jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀kẹrin á ní òun ti jẹun níléèwé. Lẹ́yìn náà, kálukú á gbé abọ́ rẹ̀ wọ yàrá, á sì ti ilẹ̀kùn. A ń gbé inú ilé kan bí ẹni tí ó ń gbé inú ọkọ̀ kan: a jọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò jọ ń lọ síbì kan.

Ẹnì kẹrin yẹn ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Kò jẹun níléèwé rárá. Bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí i, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ojú náírà rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Láàárín oṣù náà ni wọ́n tú okùn ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Bàbá náà kò dín owó tí ó ń san kù. Iye náírà kan náà ni ó ń kó sílẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́ta. Òfin kò sì gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá pẹ̀lú ìwé ìwọ̀lú F-1 láyè láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà iléèwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

A kò mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, a bá a tí ó jókòó sórí àtẹ̀gùn inú ilé, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ní òòyì ni ó ń kọ́ òun. Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó jẹ́wọ́ pé láti ọjọ́ Ajé, gàrí ni òun ń mu lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ojú tì í láti sọ ọ́. Ojú tì wá jù ú lọ láti gbọ́ ọ. Ògiri kan péré ni ó wà láàárín àwa àti ebi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a má fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀: kò rọrùn láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. A fún un ní owó, ó kọ̀ ọ́. A bu oúnjẹ fún un, ó ní òun ti yó. Ta ni ó fẹ́ máa jẹ oúnjẹ àánú nínú ilé tí òun náà ń san owó rẹ̀? Ohun tí a ń wá ni oúnjẹ tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lórí, tí a lè sè ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ láìdúró ti iná, tí yóò sì tó ènìyàn mẹ́rin.

Ohun tí Ìyá Àgbà Gbé Wá

Ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn wá ni ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ní ọjọ́ kan tí yìnyín bọ́, tí iléèwé ti ilẹ̀kùn, màmá gbé àwo dígí ńlá kan wá, ó fi aṣọ ìnuwọ́ dì í. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ èyí nígbà tí ó ṣì gbóná." Adìẹ àti ìrẹsì ni, ọbẹ̀ funfun bò ó mọ́lẹ̀, òkè rẹ̀ sì pọ́n bí ojú búrẹ́dì. Ó pè é ní kásẹróòlù. Ní èdè Faransé, ìkòkò ìdáná ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, ó ti di orúkọ oúnjẹ tí a kó gbogbo nǹkan rẹ̀ pọ̀ sínú àwo kan, tí a sì tì bọ inú ófùn. Ófùn ni ààrò oníhò tí ó wà lábẹ́ sítóòfù yín, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń kó ìkòkò àti páànù pamọ́ sí.

Màmá kọ́ wa bí òun ṣe ń ṣe é. Ọbẹ̀ olú inú agolo, èyí tí ilé-iṣẹ́ Campbell's bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1934, ni ó ń pò mọ́ ìrẹsì. Adìẹ wà lórí rẹ̀. Àìmọye ìyá ní Amẹ́ríkà ni ó ti fi ọbẹ̀ náà bọ́ ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí kò gba àkókò. Àwa náà dán an wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò gbé jẹ́ẹ́. A fi iyọ̀ sí i, a fi Maggi mẹ́ta sí i, a gbàgbé pé ọbẹ̀ inú agolo ti ní iyọ̀ tirẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi ni a mu sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìlànà oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ní kí àgbàlagbà má jẹ ju miligíráàmù 2,300 sodium lọ lóòjọ́, èyí tí ó tó bí ṣíbí tíì kan iyọ̀. Àwa ti jẹ ti ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ìfúnpá gíga wà nínú ìdílé yín, ẹ máa ka ẹ̀yìn agolo kí ẹ tó fi Maggi sí i.

Láti ìgbà náà ni a ti yí i padà sí tiwa. Ó ṣe tán, oúnjẹ inú ìkòkò kan kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ni àsáró? Kí ni àdàlú? Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Wolof, ṣé kì í ṣe inú ìkòkò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jinná? Ófùn nìkan ni ó jẹ́ tuntun sí wa.

Adìẹ Ibí Kì Í Ṣe Adìẹ Ilé

Ohun kan wà tí a ní láti yé ara wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nílé, a máa ń bọ adìẹ pẹ́ títí, lẹ́yìn náà a tún dín in. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí adìẹ ìbílẹ̀ tí ó ti sáré káàkiri àgbàlá, tàbí èyí tí ó ti yé ẹyin fún ọdún kan àbọ̀, eegun àti iṣan rẹ̀ ti le. Èyí tí a ń rà ní ọjà Amẹ́ríkà, ọmọdé ni. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje lọ kí wọ́n tó pa á. Bí ẹ bá bọ irú rẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó dín in, ẹ ti fi ìyà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, adùn rẹ̀ yóò sì ti bá omi lọ.

Ìtàn adìẹ yìí kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ní ìlà-oòrùn Maryland, tí ènìyàn bá sọdá omi Chesapeake, ilẹ̀ kan wà tí a ń pè ní Delmarva, nítorí pé Delaware, Maryland àti Virginia ni ó pín in. Ní ọdún 1923, obìnrin kan tí ń jẹ́ Cecile Steele, ní Ocean View ní Delaware, ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó òròmọdìẹ 50 wá fún òun. Wọ́n ṣèèṣì kó 500 wá. Kò dá wọn padà. Ó tọ́ wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18, ó sì tà wọ́n fún ẹran nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó pọ́n-ùn méjì. Èrè náà pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ tẹ̀ lé e, láti ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ sísin adìẹ fún ẹran ti gbilẹ̀ ní Delmarva títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ẹnì kan ṣe di ọbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ Fífọ Adìẹ

A mọ̀ pé ibí yìí ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa kọ́ wa pé adìẹ tí a kò fi iyọ̀ àti òroǹbó wẹ́wẹ́ fọ̀ kò ṣe é jẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, USDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n bá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina ṣe. Nínú àwọn tí ó fọ adìẹ wọn, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni a bá kòkòrò nínú síńkì wọn lẹ́yìn náà. Ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún sì ti gbé kòkòrò ara adìẹ dé orí ewé sàláàdì tí wọ́n fẹ́ jẹ ní tútù. Omi tí ń ta sókè ni ó ń gbé e kiri. Iná ni ó ń pa á, omi kọ́.

Ohun tí àwa ń ṣe nìyí, kí ìyá má bàa bínú, kí àìsàn má sì wọlé. A máa ń tu ìyẹ́ tí ó bá kù, a ó fi bébà ìnuwọ́ tútù nu ara rẹ̀, a ó fún òroǹbó sí i nínú abọ́ tí ó jìn, láìṣí omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó. Bí adìẹ bá ti di yìnyín, láti alẹ́ àná ni a ti ń gbé e bọ́ sí ìsàlẹ̀ fíríìjì. Ẹ má gbé e sórí tábìlì láti àárọ̀ títí ẹ ó fi dé.

Ohun Èlò

Itan adìẹ mẹ́jọ, pẹ̀lú eegun àti awọ rẹ̀ (nǹkan bí pọ́n-ùn mẹ́ta). Ife ìwọn méjì ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà, irú èyí tí a ń lò fún jọ̀lọ́ọ̀fù. Agolo tòmátò kékeré kan, tàtàṣé ńlá kan, àlùbọ́sà méjì, ata rodo kan tàbí ìdajì fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta òróró. Atalẹ̀ díẹ̀, kọ́rì àti táìmù ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ ṣíbí tíì kan, Maggi ẹyọ kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ó tún wá àwo tàbí páànù ìyan tí ó gùn tó ínṣì 13, tí ó sì fẹ̀ tó ínṣì 9, àti fóìlì tí ẹ ó fi dé e.

Bí A Ṣe Ń Sè É

Kí ẹ tó bọ́ kóòtù, ẹ tan ófùn sí ìwọ̀n 375 ti Fahrenheit, èyí tí í ṣe 190 ti Celsius. Ẹ pa ìdajì iyọ̀, kọ́rì àti táìmù mọ́ adìẹ lára. Ẹ lọ tòmátò, tàtàṣé, àlùbọ́sà kan, atalẹ̀ àti ata rodo pọ̀. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà kejì, ẹ dà á sínú òróró gbígbóná, kí ẹ da ata lílọ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó má bàa kan lẹ́nu.

Ẹ wọn ata náà: ife méjì ni a fẹ́. Ẹ fi ife méjì àbọ̀ omi gbígbóná kún un, pẹ̀lú Maggi àti ìyókù iyọ̀ àti èròjà, kí gbogbo rẹ̀ sì hó. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ọbẹ̀ bá wọ inú ófùn ní tútù, adìẹ yóò jinná, ìrẹsì yóò sì máa dún lábẹ́ eyín.

Ẹ ṣan ìrẹsì, ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù, ẹ da ọbẹ̀ gbígbóná náà lé e lórí. Ẹ to adìẹ sórí rẹ̀, kí awọ wà lókè. Ẹ fi fóìlì dé e pinpin kí ooru má ráyè jáde, kí ẹ tì í bọ inú ófùn fún ìṣẹ́jú 45. Àkókò tiyín nìyẹn. Ẹ wẹ̀, ẹ kàwé, ẹ pe ilé, ẹ sinmi lórí àga. Ẹnikẹ́ni kò ní láti dúró ti ìkòkò.

Nígbà tí ìṣẹ́jú 45 bá pé, ẹ ṣí fóìlì pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí ooru rẹ̀ a máa jó ènìyàn lójú. Ẹ dá a padà láìdé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí awọ adìẹ lè pọ́n. Ẹ má fi ojú lásán mọ̀ pé ó jinná. Ẹ ra òṣùwọ̀n ìgbóná kékeré kan, ẹ kì í bọ ibi tí itan ti nípọn jù láìkan eegun. Bí ó bá ti tó 165 ti Fahrenheit, tàbí 74 ti Celsius, ó jinná. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìrẹsì yóò fa omi tí ó bá kù. Ìsàlẹ̀ páànù a máa gbá díẹ̀. Èyí ni a máa ń jà sí, nítorí ó jọ jọ̀lọ́ọ̀fù orí igi ìdáná níbi ìnáwó.

Itan méjì ni ó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lálẹ́, ọ̀kan fún ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá jẹ méjèèjì lálẹ́ ti mọ ohun tí yóò bá a lọ́la. Ìyókù kò gbọdọ̀ pé wákàtí méjì lórí tábìlì kí ó tó wọ fíríìjì. A mọ̀ pé nílé, a máa ń fi ìkòkò sílẹ̀ di àárọ̀ kí a tó tún un gbóná. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì, nítorí kòkòrò kan wà tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú sínú ìrẹsì sísè, tí ó sì lè tu májèlé tí iná kejì kò ràn. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Àjọjẹ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni a yàn. Ẹnì kan yóò ra adìẹ, ẹnì kan yóò ra ìrẹsì àti ata, ẹnì kan yóò fọ páànù. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́sẹ̀ náà ni yóò dáná. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nínú ilé wa, a rí i pé ẹni tí kò ní owó ní ọwọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo ju dọ́là mẹ́wàá lọ nígbà tí ó rẹ gbogbo wa. Ọ̀rẹ́ wa tí òòyì kọ́ lórí àtẹ̀gùn ni ó ń dáná jù ní oṣù àkọ́kọ́. Kò tún sọ fún wa mọ́ pé òun ti jẹun níléèwé. Kò ṣe é sọ, nítorí àga rẹ̀ yóò ṣófo, gbogbo wa yóò sì rí i.

A kò ní parọ́ fún yín pé adìẹ àti ìrẹsì ni ó yanjú ọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí tábìlì náà ni ó ti kọ́kọ́ ṣí ẹnu sọ iye tí ó jẹ iléèwé. Ibẹ̀ ni èkejì rẹ̀ ní College Park ti sọ fún un pé Campus Pantry wà nínú ọgbà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kan ni ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ẹni tí ó ń jẹun nínú yàrá títì, ta ni yóò sọ irú rẹ̀ fún un?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kó ìkòkò kúrò nínú ófùn yín. Ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó ṣí fóìlì, ẹ ka àga, ẹ ka ènìyàn. Bí ẹnì kan bá dín, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ kú oúnjẹ o. Kí a má fi ebi kàwé.